Òsósà, Gàrí Ìjẹ̀bú àti Iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun

Bí ènìyàn bá dárúkọ Òsósà, ìlú tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde, olóògbé Hubert Ògúndé, àgbà òṣèré tí a bí níbẹ̀ ní ọdún 1916, ni yóò kọ́kọ́ sọ sí olùkọ́ èdè Yorùbá lọ́kàn. Ṣùgbọ́n orúkọ ìlú yìí kan náà ti wọ inú ìwé àwọn onímọ̀ ọpọlọ káàkiri àgbáyé. Kì í ṣe eré ni ó gbé e débẹ̀, àìsàn ni.

Ẹsẹ̀ ni àìsàn náà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ a máa jó bí ẹni tẹ ẹyin iná; lẹ́yìn náà ni yóò kú tipiri. Ìrìn aláìsàn a wá di tàgétàgé, pàápàá nínú òkùnkùn. Ojú àwọn mìíràn a máa ṣú, etí wọn a sì di. Iṣan tí ń gbé iṣẹ́ láàrin ọpọlọ àti ẹ̀yà ara ni ó ti bàjẹ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí ní ilẹ̀ Èkìtì tí a bí ní ọdún 1935, ni ó sọ àìsàn yìí di ohun tí ayé mọ̀ dáadáa. Láti ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìbàdàn ni ó ti ṣe ìwádìí tí ó jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ tí ń jẹ́ Brain ní ọdún 1968. Ó ṣàkíyèsí pé oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ni àwọn aláìsàn rẹ̀ ń jẹ lójoojúmọ́. Májèlé tí ń jẹ́ sáyánáìdì sì wà nínú ẹ̀gẹ́. Rírin ín, rírẹ ẹ́ kí ó kan, fífún omi rẹ̀ àti yíyan án ni ó ń lé májèlé náà lọ. Èrò Ọ̀ṣúntókun ni pé ìwọ̀nba tí ó ṣẹ́kù, bí ó bá ń wọ ara ẹni tí kò rí ẹran, ẹja tàbí ẹ̀wà jẹ tó, lè ba iṣan jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 1969, iye aláìsàn tí a rí ní Òsósà jẹ́ 2.2 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ṣùgbọ́n ìwádìí kì í dúró sójú kan. Dókítà O. S. A. Olúwọlé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà sí Òsósà. Nínú ènìyàn 3,428 tí wọ́n yẹ̀ wò, 206 ni ó ní àìsàn náà, èyí tí í ṣe 6.0 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin, 7.7 ni ó mú. Nínú ọgọ́rùn-ún ọkùnrin, 3.9. Ọdún 2000 ni àbájáde yìí jáde. Nígbà tí ó di ọdún 2003, wọ́n tún fi hàn pé sáyánáìdì tí ó wọ ara àwọn aláìsàn kò ju ti àwọn ara líle lọ. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí ó má jẹ́ òun ni ó ń fa àìsàn náà.

Ǹjẹ́ iṣẹ́ Ọ̀ṣúntókun ti wá di asán? Rárá o. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bí kò bá sí iye tí a kọ sílẹ̀ ní ọdún 1969, ta ni ìbá mọ̀ pé àìsàn náà ti pọ̀ sí i? Ẹni tí ó la ọ̀nà kò ní kí ẹlòmíràn má tún un ṣe.

Ọ̀nà mìíràn náà wà tí ó là. Òun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Hugh Hendrie ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí àrùn ìgbàgbé láàrin àwọn arúgbó Yorùbá ní Ìbàdàn àti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Ọ̀ṣúntókun dolóògbé ní ọdún 1995. Àbájáde ńlá náà jáde ní ọdún 2001. Nínú ọgọ́rùn-ún arúgbó, 1.35 ni àrùn náà ń mú lọ́dọọdún ní Ìbàdàn, 3.24 ní Indianapolis. Irúgbìn tí baba gbìn ni àwọn ọmọ kórè.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ìbéèrè Òsósà kò tíì rí ìdáhùn tí gbogbo onímọ̀ fẹnu kò lé lórí. Àwọn ìyá tí ń tàgé nínú òkùnkùn kò sì bèèrè ẹni tí ó jàre. Ohun tí yóò jẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn tún mọ ilẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́. Ó lè jẹ́ inú kíláàsì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ni ẹni tí yóò wá a rí jókòó sí lónìí.