Láti Orí Òmùgọ̀ dé Orí Ẹni Rere: Ìrìn-àjò Ọ̀rọ̀ Kan

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí kì í fọ́. Àwọ̀ ni í pa dà. Ọ̀kan nínú wọn ni ọ̀rọ̀ àpèjúwe Gẹ̀ẹ́sì náà, nice. Nescius ni orírun rẹ̀ nínú èdè Látìn, èyí tí í ṣe 'aláìmọ̀kan'. Èdè Faransé ló gbé e dé inú Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọdún 1300, òmùgọ̀ ni ó sì ń tọ́ka sí nígbà náà. Nígbà tí yóò fi di sẹ́ńtúrì kejìdínlógún, ohun tó dára, tó sì wuni, ni ó ti dà. Ìtumọ̀ yìí ló ti gbilẹ̀ kí Thomas Birch Freeman tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1842.

Ní Ibereko tí kò jìnnà síbẹ̀, ọmọ lè gbọ́ Ògù nílé, kí ó gbọ́ Yorùbá lọ́jà, kí ó tó bá nice pàdé nínú ìwé. Bí olùkọ́ bá fi orírun nìkan dájọ́, ọmọ tó kọ ọ́ pé ìyá òun jẹ́ nice ti bú ìyá rẹ̀ nìyẹn! Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí í wá ọ̀pá lọ́wọ́ ọlọ́pàá kí ó tó pè é ní ọlọ́pàá. Ó yẹ kí olùkọ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. Ibi tí ó dé ni kí ó fi kọ́ ọmọ.