Ohun Tí A Mọ àti Ohun Tí A Tẹ́

Nígbà tí a fẹ́ fi bíríkì bo àgbàlá wa ní Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Niger, bíríkìlà bi wá bóyá kí òun tò ó sórí iyanrìn lásán, tàbí kí òun fi sìmẹ́ǹtì dì í pọ̀. Sìmẹ́ǹtì ni ìyàwó mi fẹ́, ó sì ní ìdí. Eruku ọyẹ́ kì í jẹ́ kí ìgbálẹ̀ sinmi níhìn-ín. Ilẹ̀ tí a fi sìmẹ́ǹtì dì rọrùn láti gbá, àga àgbàlagbà kì í sì í mì lórí rẹ̀.

Èmi tí èdè jẹ́ iṣẹ́ mi ronú kan ọ̀rọ̀-ìṣe wa méjì. Yorùbá a máa mọ ògiri, a sì máa tẹ́ ẹní. Ohun tí a mọ, bí a óò bá tún un ṣe, àfi kí a wó o. Ohun tí a tẹ́ ṣeé ká, ó sì ṣeé tún tẹ́. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, àwọn ará Ilé-Ifẹ̀ ti ń to àpáàdì sínú ilẹ̀ àgbàlá wọn láìsí sìmẹ́ǹtì. Ìtàn ní Lúwo, ọba obìnrin, ni ó pa á láṣẹ. Àwọn awalẹ̀pìtàn ṣì ń bá a nílẹ̀.

Ooru ọ̀sán oṣù Kẹrin ní Niamey a máa ju ìwọ̀n 40 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Sìmẹ́ǹtì tí ó ń wú lọ́sàn-án, tí ó ń sún kì lóru, lè là. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Bí sìmẹ́ǹtì bá sì lanu, omi yóò wọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n ògiri aládùúgbò wa, tí a fi amọ̀ mọ, ni ó parí àríyànjiyàn. Láàrin oṣù Kẹfà sí Ìkẹsàn-án ni ọ̀pọ̀ jù lọ òjò ọdún ń rọ̀, a sì máa rọ̀ tagbáratagbára. Nínú ìkún omi ọdún 2012 àti ti 2020, ọ̀pọ̀ ilé amọ̀ wó ní ìlú yìí. Omi tí àgbàlá wa kò bá mu, ẹsẹ̀ ògiri yẹn ni yóò lọ.

Iyanrìn ni a lò. Bíríkìlà gún yangí mọ́lẹ̀ kí ó le, ó da iyanrìn sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lé e, ó sì dẹ ilẹ̀ náà sí ìhà ọgbà wa, sẹ̀ǹtímítà méjì nínú mítà kọ̀ọ̀kan. Etí nìkan ni ó fi sìmẹ́ǹtì dì, kí bíríkì má baà sá, àti ibi kékeré kan lábẹ́ ìloro fún àga ìyá ìyàwó mi. Lẹ́yìn òjò ńlá, a máa ń gbá iyanrìn díẹ̀ sínú àlàfo tí omi bá gbẹ́. Iṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tiwa ni. A kò gbé e lé ògiri ẹlòmíràn lọ́rùn.