Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta Àkọ́kọ́ ní Ìwé Kìn-ín-ní

Bí ilé-ìwé bá wọlé ní oṣù Kẹsàn-án, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ kẹta kí kíláàsì mi tó kún. Ní Adégbayì níbí, ní Ìbàdàn, àwọn òbí kan ń dúró de aṣọ ilé-ìwé tí télọ̀ ò tíì rán tán. Àwọn mìíràn ní àwọn ń wá owó bàtà. Àwọn kan tilẹ̀ gbà pé koríko nìkan ni wọ́n ń gé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, pé kí ọmọ ṣì máa bá àwọn jókòó ti ọjà ná. Ìwé kìn-ín-ní ni mo fi èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ mi kọ́, mo sì lè sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ pé inú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn gan-an ni iṣẹ́ wa wà.

Iṣẹ́ náà ti pẹ́ ní ilẹ̀ Ìbàdàn. Míṣọ́nnárì David Hinderer àti ìyàwó rẹ̀, Anna, dé ìlú yìí ní 1853, wọ́n sì dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Kúdẹtì. Ìjòyè kan, Olúnlọ́yọ̀ọ́, fa ọmọ rẹ̀ méjì lé wọn lọ́wọ́, Akínyẹlé ọkùnrin àti Yéjídé obìnrin. Ọ̀dọ̀ Anna ni àwọn kan nínú àwọn ọmọ ilé-ìwé ń gbé, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń sùn níbẹ̀. Ní ti àwọn wọ̀nyẹn, òun kò ní ìṣòro ọmọ tó pẹ́ dé.

Ọdún tí ilẹ̀kùn wá ṣí gbayawu ni 1955. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún náà ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn, Awólọ́wọ̀ ni olórí ìjọba, S. O. Awókòyà sì ni mínísítà ètò ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ tó wà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò ju nǹkan bí 457,000 lọ ní 1954. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti lé ní 811,000. Olùkọ́ kò sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìyá mi wà lára àwọn ọ̀dọ́ tó ka ìwé mẹ́fà jáde tí wọ́n kó sí kíláàsì nígbà náà, ní abúlé kan ní apá Lágelú. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ìwé ọjọ́-ìbí. Wọ́n á ní kí ọmọ na ọwọ́ gba àárín orí kọjá. Bí ìka rẹ̀ bá kan etí òdì kejì, ó ti tó wọlé nìyẹn. Màámi ní àwọn ọmọ mìíràn máa ń tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọwọ́ lè dé ibẹ̀, òun a sì mójú kúrò.

Ohun kan wà tí ìgbà tiwọn fi sàn ju tiwa lọ. Oṣù Kìn-ín-ní ni ọdún ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àgbẹ̀ ti ta kòkó, tí owó wà lápò. Oṣù Kẹsàn-án tí à ń wọlé báyìí, kòkó ṣì wà lórí igi, òjò ń rọ̀, owó ò sí nílé. Ẹni tó bá ń bú òbí tó pẹ́ mú ọmọ wá, kó kọ́kọ́ rò ó débẹ̀.

Èmi alára wọ ìwé kìn-ín-ní ní oṣù Kẹsàn-án 1976, oṣù tí ìjọba àpapọ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ káàkiri Nàìjíríà. Ìwé-ẹ̀rí olùkọ́, Girédì Tuu, ni mo kà kí n tó gba ṣọ́ọ̀kì. Nígbà tó yá tí wọ́n ní láìsí ìwé-ẹ̀rí NCE kò sí olùkọ́, mo fi òpin ọ̀sẹ̀ kà á ní NTI, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Ní 1993, ìyanṣẹ́lódì àwa olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ilé-ìwé pa jákèjádò orílẹ̀-èdè nítorí owó oṣù, ìjọba sì tún gbé àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dìde lọ́dún náà. Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi fi iṣẹ́ sílẹ̀ láyé ìgbà yẹn, wọ́n lọ ń ta aṣọ. Mo dúró, mo sì rí bí agbègbè yìí ṣe yí padà. Nígbà tí wọ́n yọ ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dá tí a wà nínú rẹ̀ kúrò lára Lágelú ní 1989, oko ẹ̀gẹ́ àti igi obì ṣì pọ̀ ní àyíká Adégbayì. Lónìí, ilé ló kún ibẹ̀, ọmọ Hausa, ọmọ Igbo àti ọmọ Ìdọmà sì wà lórí bẹ́ǹṣì kan náà pẹ̀lú ọmọ Ìbàdàn.

Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà, iṣẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní ni yíya ọmọ kúrò lára ìyá. Ọmọ á di ìró ìyá rẹ̀ mú, á máa ké pé, "Mò ń bá ìyá mi lọ!" Ohun tí mo máa ń sọ fún ìyá náà kò yí padà: "Màámi, ẹ máa lọ. Ẹ má wẹ̀yìn." Bí ìyá bá fi lè yọjú lójú fèrèsé, ẹkún á bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, àwọn tó ti dákẹ́ á sì bá a gbé e.

Lẹ́yìn èyí ló kan orúkọ. Lọ́dún kan, mo pe Emmanuel títí nínú rẹ́jísítà, ẹnikẹ́ni kò dáhùn, bẹ́ẹ̀ ọmọ ọ̀hún ń wò mí lójú kòrókòró. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń pè é nílé. Ó ní, "Bàbá Èrúnmu." Wọ́n bí i lẹ́yìn tí bàbá bàbá rẹ̀ kú ní Èrúnmu, kò sì sẹ́ni tó pè é ní Emmanuel rí. Ó gbà wá tó ọ̀sẹ̀ kan kí orúkọ inú ìwé tó mọ́ ọn létí.

Ọwọ́ ló tún kàn. Ní ayé màámi, orí iyanrìn ni ọmọ ti ń kọ ọ́ kó tó kan síléètì. Èmi náà kì í fi lẹ́tà bẹ̀rẹ̀. A ó kọ́kọ́ fa ilà gbọọrọ, a ó fa roboto. Ìgbà tí ọwọ́ bá mọ méjèèjì ni mo tó fi hàn wọ́n pé roboto pẹ̀lú ilà kúkúrú ni *a*, pé bí ilà náà bá gùn sókè, ó di *d*. Fún ìṣirò, à ń ka ìdérí ìgò ẹlẹ́rìndòdò, à ń ka ìgbálẹ̀ tí a gé wẹ́wẹ́ tí a dì ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ọmọ tó bá fọwọ́ tú ìdì mẹ́wàá kan rí kì í bẹ̀rù ìyọkúrò.

Gbogbo èyí, Yorùbá ni mo fi ń ṣe é. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò tiwọn ní ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Mọ́dákẹ́kẹ́, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn ọmọ náà mọ̀wé dáadáa, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì bàjẹ́. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ ní kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni fún ọdún mẹ́fà; ní 2025, wọ́n fagi lé e. Ẹni tó wà ní kíláàsì mọ bó ṣe rí. Ọmọ tí wọ́n bá ní dandan ni kó fi Gẹ̀ẹ́sì tọrọ ààyè kó tó lọ tọ̀, yóò tọ̀ sára. Ọmọ Ìdọmà gan-an, kí táàmù kìn-ín-ní tó parí, á ti máa fi Yorùbá jà nídìí bọ́ọ̀lù.

Àwọn ọmọ mìíràn ń ti jẹ́lé-ó-sinmi aládàáni wá báyìí, wọ́n lè ka A dé Z láìwòwé. Bí mo bá ní kí wọ́n kó ìdérí márùn-ún fún mi, mẹ́jọ ni wọ́n ń kó wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà pọn dandan fún àwọn wọ̀nyí ju fún ẹni tó ti oko wá lọ.

Ọmọ tó bá dé lọ́sẹ̀ kẹrin yóò bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti mọ orúkọ, ti mọ àyè ìjókòó, ti mọ bí a ti ń nawọ́ béèrè ọ̀rọ̀. Òun á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sunkún, èmi kò sì lè dá gbogbo kíláàsì padà nítorí rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ mú ọmọ yín wá lọ́jọ́ tí ilé-ìwé bá wọlé, ì báà jẹ́ aṣọ ilé ló wọ̀, ì báà jẹ́ sílípáàsì ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Aṣọ lè pẹ́ lọ́wọ́ télọ̀. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ pẹ́ nílé.