Owó orí àti rìsíìtì ilé

Ẹ̀yin ará Òṣú, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra kòkó àtẹ̀yin télọ̀, ọ̀rọ̀ owó orí yìí ń jẹ mí lọ́kàn gan-an. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026 ni òfin tuntun ti bẹ̀rẹ̀: ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú èrè yín lọ́dún kò lówó orí rárá, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà lórí ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní èrè yín lọ́dún jẹ́ ₦900,000, tẹ́ ẹ sì ń san ₦120,000 fún ilé tẹ́ ẹ ń gbé. Òfin ní kẹ́ ẹ yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé yẹn kúrò, ìyẹn ₦24,000. Ó ku ₦876,000. Orí ₦76,000 péré ni wọ́n máa gbowó: ₦11,400.

Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ní rìsíìtì tó máa fi hàn pé òun san owó ilé yẹn? Lánlọ́ọ̀dù kì í sábà kọ ọ́, àwa náà kì í béèrè. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè, kẹ́ ẹ sì máa kọ ohun tẹ́ ẹ rà àtohun tẹ́ ẹ tà sínú ìwé. 31 oṣù kẹta ni gbèdéke láti fi fọ́ọ̀mù owó orí sílẹ̀ lọ́dọọdún.