Kèké Àlejò

Ọmọ ọdẹ ni mí o. Bàbá bàbá mi ò tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó wọgbó, àfi lọ́wọ́ Ògún. Àbúrò bàbá mi tó ń gbé ní Texas ni ẹni àkọ́kọ́ nílé wa tí igbó ní kó lọ tò sórí ìlà.

Ohun tí Bàbá Texas, bí a ṣe ń pè wọ́n, ń wá ò ju àgbọ̀nrín kan ṣoṣo lọ: irú èyí tí etí rẹ̀ rí bíi ti ìbaaka, tó ń gbé àwọn òkè ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa á láìní ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní táàgì. Táàgì ò tó nǹkan, àwọn tó ń béèrè sì pọ̀ bí eéṣú. Ni àwọn ìpínlẹ̀ bá ń ṣẹ́ kèké. Onílé kó èyí tó pọ̀, àlejò ń du ìyókù.

Ó dùn wọ́n. Ìjọba àpapọ̀ ló ni ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ dọdẹ lé lórí, owó orí tiwọn náà sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ ló ń ṣàkóso ẹran tó ń jẹko lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti délé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà rí. Ní 1976, Montana ń gba 30 dọ́là lọ́wọ́ onílé fún ìwé àṣẹ alápapọ̀, ó ń gba 225 lọ́wọ́ àlejò. Ní 1978, ilé ẹjọ́ ní kò burú.

Ni wọ́n bá pè mí: "Ìwọ ọmọ yunifásítì, bá mi ṣírò rẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, Yorùbá ni mò ń kà."

"Ṣé ẹ kì í ka ení, èjì ní Yorùbá ni?"

Mo ṣírò rẹ̀. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Bí kèké ò bá mú ọ lọ́dún kan, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn á fún ọ ní póìǹtì kan. Ní Colorado, ẹni tí póìǹtì rẹ̀ pọ̀ jù ló sábà máa ń kọ́kọ́ gbà. Ní Nevada, wọ́n á fi póìǹtì rẹ sọ póìǹtì rẹ di púpọ̀, wọ́n á fi 1 kún un: póìǹtì 3 di kèké 10, póìǹtì 10 di kèké 101. Ní New Mexico, kò sí póìǹtì rárá. Nínú táàgì 100, 84 jẹ́ ti onílé, 10 jẹ́ ti àwọn tó bá afinimọ̀nà ṣàdéhùn, 6 ló kù fún àlejò. Ṣùgbọ́n ẹni tó dé lónìí àti ẹni tó ti ń béèrè láti ogún ọdún, ọgbọọgba ni wọ́n.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Lórí ìlà póìǹtì, àwọn tó wà níwájú náà ń kó tiwọn jọ. Ibi tó dára jù, póìǹtì tó ń béèrè ń ga sí i ni. O lè tò fún ọdún mẹ́wàá kí ibi tí ò ń lọ ṣì jìnnà sí ọ. Bàbá Texas ti pé ọmọ ọdún 58. Orókún kì í kó póìǹtì jọ.

Ká ní àǹfààní jẹ́ 5 nínú 100 lọ́dọọdún. Ní ọdún mẹ́wàá, kì í ṣe 50 ló máa jẹ́. Nǹkan bí 40 ni. Ó kéré, àmọ́ kì í ṣe irọ́. Èmi tí mo wà lọ́mọ ogún ọdún ó lé díẹ̀ lè tò sórí ìlà. Àgbà tí ọjọ́ ń lọ lọ́wọ́ rẹ̀, kèké tó sọ ojú abẹ níkòó fún un pé òun lè máà mú un sàn ju ìlà tó ń ṣèlérí ọ̀la lọ.

Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "New Mexico, àbí?" Wọ́n ti sanwó sílẹ̀. Wọ́n ń retí kèké.