Ṣé kí n kúrò ni, àbí kí n dúró? Ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì ilé wa ní Ìsọlọ̀

1/ Ẹ jókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Wọ́n ní ohun tó ń dunni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ohun tó ń dùn mí báyìí ni íntánẹ́ẹ̀tì ilé wa. Tẹ́ ẹ bá ń gbé Ìsọlọ̀, Òkòta, Mafolúkù tàbí Èjìgbò, ó ṣeé ṣe kó ti dun ẹ̀yin náà rí.

2/ Ọjọ́ Tuesday kan ni, ọjọ́ ọjà Aswani. Mo ní fídíò tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí oníbàárà tuntun. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni fídíò náà, àmọ́ ó wúwo tó 1.4GB. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e sókè. Aago méjìlá òru ni àkókò máa tán. Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago méjìlá lù, ó dé 87%, ó dúró. Mo pa ráútà, mo tún un tàn. Ó padà sí 0%.

3/ NEPA ti mú iná lọ látàárọ̀. Bátìrì kékeré tí mo rà fún ráútà ló gbé e dúró. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú òkùnkùn, mo ń wo iná ara ráútà tó ń ṣẹ́jú sí mi bí ẹni tí ò mọ nǹkan kan. Nígbà tílẹ̀ mọ́, oníbàárà fọ̀rọ̀ ránṣẹ́: wọ́n ti gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíì. Iṣẹ́ oṣù mẹ́ta ló lọ bẹ́ẹ̀. Mi ò ní parọ́ fún yín, mo sunkún.

4/ Gbogbo ọ̀rẹ́ mi ló ní kí n ju ráútà náà nù. "Kí lo ṣì ń wá lọ́dọ̀ wọn?" Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà, torí ìjà kọ́ ni mo bá wá. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò rọrùn tó báyẹn, torí èmi nìkan kọ́ ló ń lo íntánẹ́ẹ̀tì ilé wa.

5/ Fúláàtì mẹ́rin ló wà nínú ọgbà wa. Fúláàtì kọ̀ọ̀kan ń dá ₦6,000 lóṣù, èmi ni mò ń gbà á jọ, èmi ni mò ń san án. Ìyá Ìbejì nísàlẹ̀ fi ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà ní London sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp. Ọmọ bọ̀ọ̀dá òkè fi ń múra JAMB. Màmá tèmi fi ń gbé àwòrán aṣọ sí Status kí ọjọ́ ọjà tó pé. Tí mo bá yọ owó tèmi kúrò, ẹni mẹ́ta tó kù á máa san ₦8,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo mọ ẹni tí ò ní lè san án.

6/ Màmá mi ló kọ́kọ́ là mí lójú. Ó ní, "Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Tí wọ́n bá tà á fún mi lọ́jà pé yáàdì mẹ́fà ni, ọ̀pá tèmi ni mo fi ń wọ̀n ọ́n kí n tó bá wọn jà. Ìwọ ńkọ́, ṣé o ti wọ̀n ọ́n?" Mi ò tíì wọ̀n ọ́n. Mo kàn ń bínú ni.

7/ Mo wá fi ọjọ́ méje wọ̀n ọ́n. Fóònù kan náà, ibì kan náà, ìgbà mẹ́ta lójúmọ́, mo ń kọ ọ́ sínú ìwé. Agogo mẹ́fà àárọ̀: gbígbà wálẹ̀ 22Mbps, gbígbé sókè 8. Agogo méjì ọ̀sán: 11 àti 4. Agogo mẹ́sàn-án alẹ́: 2 àti 1. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wo nọ́ńbà kejì yẹn. Òun làwọn tó ń tajà kì í pariwo ẹ̀.

8/ Mo wá ṣèṣirò, ojú tì mí. Pẹ̀lú 1Mbps, 1.4GB máa gbà ju wákàtí mẹ́ta lọ. Ìyẹn ni pé ká ní kò tiẹ̀ dúró rárá, mi ò bá má bá aago méjìlá. Ká ní mo fi ránṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò ní tó ìdajì wákàtí. Ilé-iṣẹ́ ní ẹ̀bi tiẹ̀, èmi náà ní tèmi.

9/ Kí ló dé tí alẹ́ fi burú? Ráútà tó ń lo síìmù ń gba agbára rẹ̀ lára òpó tó wà ládùúgbò, gbogbo àdúgbò ló sì jọ ń lo òpó náà. Ẹ rántí Òṣòdì ní agogo méje alẹ́: ọkọ̀ ò pọ̀ sí i, èrò ló ń pọ̀ sí i. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ohun kejì ni "unlimited" tí wọ́n kọ síwájú páálí. Nínú lẹ́tà wínníwínní ni wọ́n kọ ọ́ sí pé tẹ́ ẹ bá ti lo GB tó iye kan, wọ́n á dín eré rẹ̀ kù títí oṣù á fi parí. Ẹ kà á kẹ́ ẹ tó sanwó.

10/ Ohun kẹta, ẹ má rín mi fín o: ẹ̀yìn fíríìjì ni ráútà wa wà! Irin máa ń dí i lọ́nà. Mo gbé e sójú fèrèsé tó kọjú sí òpó, gbígbé sókè lálẹ́ kúrò ní 1, ó di 2.5. Ọ̀fẹ́ ni o. Àmọ́ kò tíì tó fún iṣẹ́ mi.

11/ Mo wá wo ọ̀nà tó kù. Wáyà fiber dára jù, àmọ́ ó dúró sí ojú títì ńlá, kò tíì wọ àdúgbò wa. Tó bá sì dé, lánlọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n lu ògiri. Starlink dé Nàìjíríà ní January 2023, ibí ló ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Áfíríkà. Ó ń fẹ́ ojú ọ̀run tó ṣí sílẹ̀, igi máńgòrò ńlá sì bo òrùlé tiwa. Ó tún ń jẹ iná ju ráútà kékeré lọ.

12/ Owó náà ò dúró sójú kan. Ní October 2024, Starlink kéde pé ₦38,000 oṣooṣù máa di ₦75,000, àjọ NCC sì ní àwọn ò tíì fọwọ́ sí i. Nígbà tó di January 2025, NCC fúnra wọn gbà káwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fi tó 50% lé owó wọn. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́: ẹ má torí ẹ̀dínwó san owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà.

13/ Ẹ má sì rò pé ilé-iṣẹ́ kan wà tí kì í ṣubú. Ní March 14, 2024, wáyà mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun kọjá, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, já lápá Côte d'Ivoire. Báǹkì dákẹ́, POS dákẹ́, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ráútà tiwọn ló bàjẹ́. Ẹni tó ní ọ̀nà méjì ló máa ń rí ibi gbà.

14/ Ó ku 5G. MTN bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 2022, Airtel ní 2023, àmọ́ ó lè wà ní òpópónà kan kó má sí ní èkejì. Nítorí náà mi ò ra nǹkan kan. Mo pe ọ̀rẹ́ mi kan láti Ajao Estate, ó gbé fóònù rẹ̀ wá, ó tan hotspot nínú yàrá mi ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́. Gbígbé sókè 9Mbps. A tún un ṣe lálẹ́ ọjọ́ kejì, 7. Mo fò sókè.

15/ Lọ́jọ́ Sunday, mo pe gbogbo ọgbà jọ sábẹ́ igi máńgòrò. Mo ṣàlàyé. Ìyá Ìbejì wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, tó o bá fẹ́ lọ, máa lọ. Ṣáà sọ fún mi kóṣù tó parí, kí n lè sọ fáwọn ọmọ mi pé kì í ṣe pé mo kú ni wọn ò fi rí mi." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín dénú.

16/ Ibi tí mo fàbọ̀ sí rèé. À ń ṣí lọ, àmọ́ gbogbo wa la jọ ń ṣí. Oṣù kan la san lọ́dọ̀ tuntun, a ò san ọdún. Mo fi owó tí mò ń tọ́jú fún lẹ́ńsì kámẹ́rà ra ráútà, ọgbà á máa dá a padà fún mi díẹ̀díẹ̀. Mo tọ́jú síìmù àtijọ́ sínú fóònù mi fún ọjọ́ burúkú. Mo sì fẹjọ́ sun ilé-iṣẹ́ àtijọ́, mo gba nọ́ńbà ẹ̀sùn. Tí wọn ò bá dáhùn, 622 ti NCC ni mo máa pè.

17/ Oníbàárà mi ò padà wá o. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé gbogbo ẹ̀ ti dáa. Ṣùgbọ́n ní báyìí, àárọ̀ ni mo ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́, mi ò dúró dalẹ́ mọ́. Lánàá, mo gbọ́ ohùn Ìyá Ìbejì nísàlẹ̀ ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, wọ́n ń bá àwọn ọmọ wọn rẹ́rìn-ín. Àwòrán ò dúró rárá.

18/ Ẹ̀yin ará Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, òpópónà wo lẹ wà, kí sì lẹ̀ ń rí ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́? Ẹ fi nọ́ńbà kejì yẹn sílẹ̀ fún wa. Ẹnì kan wà níbì kan tó ń wo 87% lọ́wọ́lọ́wọ́.