Ọgbọ́n orí àwọn ọlọ́kadà Àgbádárìgì: Èyí tó ń gba ẹ̀mí là, àtèyí tó ń pààyàn!

Ẹni tó bá ti jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà láti Àgbárá títí wọ Àgbádárìgì rí, tọ́hùn ò ní í bèèrè ìdí tí máṣíìnì àwọn ará ibẹ̀ fi rí bó ṣe rí. Níbòmí-ìn, bí wọ́n bá ṣe ra Bajaj tàbí TVS ní ṣọ́ọ̀bù náà ni wọ́n ṣe máa gùn ún títí tí yóò fi gbó. Ṣùgbọ́n lápá etíkun yìí, máṣíìnì tí kò bá tíì dé ọ̀dọ̀ wẹ́dà kò tíì ṣetán ìrìn-àjò. Wọ́n á de irin mọ́ ọn níwájú, wọ́n á jó kíáríà mọ́ ọn lẹ́yìn, wọ́n á tún tìmùtìmù rẹ̀ rán, wọ́n á sì gé kẹ́ẹ̀gì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Àlejò á rò pé oge lásán ni. Kì í ṣe oge o! Ọ̀nà ibẹ̀ ló kọ́ wọn lọ́gbọ́n.

Ọ̀nà ọ̀hún kì í ṣe ọ̀nà àdúgbò. Òun ló gba Sẹ̀mẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè Benin, tó kọjá sí Lomé ní Tógò, tó dé Accra, tó sì ń bá a lọ sí Abidjan. Láti Àgbárá dé ẹnu ibodè Sẹ̀mẹ̀ nìkan, ó lé ní 40 kìlómítà. Àwọn tírélà ẹlẹ́rù ń lọ, àwọn bọ́ọ̀sì ń bọ̀, àárín wọn sì ni ọlọ́kadà ń gbà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni kòtò àti ẹrẹ̀ fi sọ ọ̀nà náà di ibi tí ọkọ̀ ti ń rá pálá, tó jẹ́ pé máṣíìnì nìkan ló ń rọ́nà gbà. Àfi bíi pé kòtò ló fún ọ̀kadà níṣẹ́ ṣe.

Òfin náà wà níbẹ̀. Nígbà tíjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà pátápátá níjọba ìbílẹ̀ 6 ní ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kẹfà, ọdún 2022, Àgbádárìgì ò sí nínú ẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún fi 4 kún un nínú oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ìyẹn Kosofe, Oshodi-Isolo, Somolu àti Mushin, wọn ò dárúkọ Àgbádárìgì. Nítorí ẹ̀ ni máṣíìnì tí wọ́n lé kúrò láàárín ìlú ṣe ń ríbi sá sí lápá ibẹ̀. Àwọn tó ń gùn ún sì mọ̀ pé owó tuntun ò sí. Èyí tó wà lọ́wọ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ tún ṣe kó lè pẹ́.

Ọ̀DỌ̀ WẸ́DÀ NI GBOGBO Ẹ̀ TI Ń BẸ̀RẸ̀

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń ṣe ni irin tó yọ síta lápá ọ̀tún àti òsì ẹńjìnnì, tí wọ́n fi páìpù tẹ̀ bí ìwo àgbò. Bí máṣíìnì bá ṣubú, irin yẹn ni yóò kọ́kọ́ kanlẹ̀, kì í ṣe ẹńjìnnì, kì í sì í ṣe orúnkún ẹni tó ń gùn ún. Páìpù àlòkù ni ọ̀pọ̀ ń lò, owó ẹ̀ ò sì tó nǹkan kan téèyàn bá fi wé owó tí wọ́n fi ń to eegun.

Àmọ́ ibi tọ́rọ̀ wà nìyí: àwọn wẹ́dà kan máa ń jó irin náà mọ́ egungun máṣíìnì tààrà. Èyí ò dáa. Iná wẹ́dà lè sọ ibi tó bá jó di ẹlẹgẹ́, tó bá sì di ọjọ́ kan tí máṣíìnì bọ́ sí kòtò ńlá, ibẹ̀ ni yóò ti kán. Wẹ́dà tó mọṣẹ́ á fi kílípù àti bọ́ọ̀tì dì í mú ni. Tó bá sì pọn dandan pé kí wọ́n jó o, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú táńkì epo kúrò, kí wọ́n sì já wáyà bátìrì. Ẹni tó bá ní kí wọ́n tètè ṣe é bẹ́ẹ̀ torí pé èrò ń dúró de òun, tọ́hùn ń bá ikú ṣeré ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan kíáríà. Àgbọn pọ̀ ní Àgbádárìgì, ẹja náà pọ̀, gàárì náà pọ̀, gbogbo ẹ̀ ló sì ń wá ẹni tó máa gbé e dé ọjà. Kíáríà tuntun tí wọ́n jó yóò gba àpò tí èyí tí ilé iṣẹ́ ṣe ò lè gbà. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fà á gùn kọjá ibi táyà ẹ̀yìn wà, ẹrù á máa gbé iwájú máṣíìnì sókè. Ọwọ́ á fúyẹ́, ẹni tó ń gùn ún á fẹ́ yà, máṣíìnì ò ní í gbọ́. Àwọn àgbà nínú iṣẹ́ náà kì í gbé ẹrù jìnnà sẹ́yìn. Wọ́n á pín in sí méjì, wọ́n á gbé e kọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì nísàlẹ̀, kó má baà fì sí ibì kan. Wọn kì í sì í fi okùn lásán dì í. Tíúùbù táyà tó ti gbó ni wọ́n máa ń ya tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Rọ́bà yẹn máa ń fà, ó sì máa ń há mọ́ ẹrù pinpin bí máṣíìnì bá tiẹ̀ ń jó nínú gálọ́pù.

Àwọn mí-ìn tún máa ń gé rọ́bà táyà há àárín sípíríǹgì ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn kó má baà rì tí ẹrù bá pọ̀. Lóòótọ́ ni kì í rì mọ́, àmọ́ kì í jó mọ́ náà nìyẹn. Ohun tí ṣọ́ọ̀kì ìbá gbà mọ́ra, ẹ̀yìn ẹni tó ń gùn ún àti egungun máṣíìnì ni yóò gbà á. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ló ń dun èèyàn, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rán tìmùtìmù ló yẹ kó lọ. Fóòmù tó le dáadáa ni wọ́n á fi sísàlẹ̀, wọ́n á tẹ́ èyí tó rọ̀ lé e, wọ́n á sì fi awọ tí omi ò lè wọ̀ bò ó. Ẹni tó bá jókòó sórí fóòmù rírọ̀ nìkan, kó tó rìn jìnnà ni ìdí ẹ̀ á ti máa kan irin.

IYANRÌN GBÉRÉFÙ ÀTI IYỌ̀ ÒKUN

Téèyàn bá wọ Àgbádárìgì gan-an, nǹkan tún yàtọ̀. Ìlú tí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà nìyẹn, èyí táwọn oníwàásù ìjọ Áńgílíkà kọ́ parí lọ́dún 1845. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú gba orí ọ̀sà kọjá sí erékùṣù Gbéréfù, tí wọ́n á fẹsẹ̀ rìn nínú iyanrìn lọ sétí òkun, ibi tí wọ́n ń pè ní ibi àlọ-àìpadàbọ̀. Lónìí, ọkọ̀ ojú omi làwọn tó fẹ́ wo ibẹ̀ máa ń wọ̀. Tí wọ́n bá gúnlẹ̀, iyanrìn yẹn kan náà ni wọ́n máa bá pàdé.

Iyanrìn kì í bá ọlọ́kadà ṣeré. Táyà tó kún fún afẹ́fẹ́ dẹndẹn á máa rì ni, á máa yí lójú kan. Ohun tí kò náni ní kọ́bọ̀ ni wọ́n ń ṣe sí i: wọ́n á jọ̀ lára afẹ́fẹ́ inú táyà. Táyà á tẹ́ díẹ̀, á fẹjú sórí iyanrìn, máṣíìnì á sì máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní póǹpù nínú báàgì. Tó bá gbé táyà tó rọ̀ bẹ́ẹ̀ padà sórí títì, á gbóná, tíúùbù lè fà ya, máṣíìnì sì lè gbé e ṣánlẹ̀ níwájú tírélà.

Ọ̀tá kejì ni iyọ̀. Atẹ́gùn òkun kì í jẹ́ kí irin sinmi. Ṣéènì, sípíríǹgì, irin inú ọwọ́ búrẹ́ẹ̀kì, gbogbo wọn ló máa ń dógùn-ún. Oògùn ẹ̀ ò ju omi kànga lọ, kí wọ́n máa fi ṣan máṣíìnì ní gbogbo ìgbà tó bá ti etíkun dé. Lẹ́yìn tó bá gbẹ, wọ́n á fi ọ́ìlì tí wọ́n ti lò pa abẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kó má kan búrẹ́ẹ̀kì àti táyà o! Ní ti ṣéènì, àṣìṣe táwọn tuntun máa ń ṣe ni pé wọ́n á di gíríìsì lé e. Gíríìsì àti iyanrìn bí wọ́n bá pàdé, bí ẹni fi ayùn rẹ́ irin ni. Ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ń kán sí i, wọ́n á sì fi àkísà nu èyí tó ṣẹ́ kù kúrò.

Ẹrẹ̀ ńkọ́? Kẹ́ẹ̀gì àlòkù ló ń bá wọn jà á. Wọ́n á gé e sí méjì, wọ́n á fi bọ́ọ̀tì dè é mọ́ irin iwájú, bàtà àti ṣòkòtò á bọ́ lọ́wọ́ ẹrẹ̀. Àmọ́ ti agboòrùn ńlá táwọn kan ń gbé ró sórí máṣíìnì, ìyẹn ò bá etíkun mu rárá. Tí atẹ́gùn òkun bá kó sí i lábẹ́, bí ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi ló máa ń ṣe, á sì gbé máṣíìnì kúrò lọ́nà tó ń lọ. Aṣọ òjò tí wọ́n fi nọ́ọ̀lọ̀nù rán sàn jù ú lọ.

EPO NI Ń DÁ WÀHÁLÀ SÍLẸ̀

Láti Àgbádárìgì, gba Gbájí, ó di Sẹ̀mẹ̀. Ibẹ̀ lọgbọ́n ti máa ń di ọgbọ́n àgbọ́njù. Nínú oṣù kọkànlá ọdún 2019, lásìkò tí wọ́n ti ibodè pa, àwọn aṣọ́bodè pàṣẹ pé kí wọ́n má gbé epo lọ sí ilé epo kankan tí kò bá tó 20 kìlómítà sí ẹnu ibodè. Láti ìgbà náà ni kẹ́ẹ̀gì epo ti di ara ẹrù ìrìn-àjò fún ọ̀pọ̀ èèyàn lápá ibẹ̀.

Ní òdìkejì, ní Benin, iṣẹ́ ńlá ni. Kpayo ni wọ́n ń pe epo tí wọ́n ń gbé láti Nàìjíríà, inú ìgò ni wọ́n sì ti ń tà á létí títì ní Àjàṣẹ́ àti Kútọnu. Àwọn tó ń gbé e máa ń tún máṣíìnì wọn ṣe débi tí kò fi jọ máṣíìnì mọ́. Wọ́n á jó táńkì mí-ìn mọ́ abẹ́ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n á tún so kẹ́ẹ̀gì yí ara wọn ká. Ẹni tó bá gun irú ẹ̀, orí epo ló jókòó lé, ẹńjìnnì gbígbóná sì wà láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀. Ooru epo bẹtiróòlù kì í lọ sókè bí èéfín, ilẹ̀ ló máa ń rà mọ́ títí tí yóò fi rí iná.

Ní ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2023, iná ṣẹ́ yọ níbi tí wọ́n ń kó irú epo bẹ́ẹ̀ pa mọ́ sí ní Kràké, lápá ti Benin ní Sẹ̀mẹ̀. Èèyàn tó kú lé ní 30. Oṣù mélòó kan ṣáájú ìgbà náà, ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún, ni Ààrẹ Bola Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, tí èrè inú kpayo sì ti ń joro. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: èrè ti ń tán lọ, ikú ò tán.

ÈYÍ TÓ RỌRÙN JÙ NI WỌ́N Ń SÁ FÚN

Ohun tó wá yani lẹ́nu ni pé èyí tí kò wọ́n rárá nínú gbogbo àtúnṣe yìí lọ̀pọ̀ ọlọ́kadà kì í fẹ́ ṣe. Dígí tí wọ́n fi ń wo ẹ̀yìn, yíyọ ni wọ́n ń yọ ọ́ kí wọ́n lè rọ́nà há ara wọn sí. Rífílẹ́kítọ̀ pupa téèyàn lè lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn kíáríà kí tírélà lè rí i lóru, wọn ò rà á. Iná funfun tó ń ṣẹ́jú ni wọ́n máa ń so mọ́ iwájú láìsí fíúùsì. Wáyà á yọ́, bátìrì á kú, ojú ẹni tó ń bọ̀ á sì fọ́.

Ti akòtò ló burú jù. Nígbà tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fi tipátipá mú àwọn èèyàn láti máa dé e ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, àwọn ọlọ́kadà kan ní Nàìjíríà gbé igbá àti ike ọ̀dà dórí. Gbogbo ayé fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n akòtò tó ti fọ́, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, tí okùn àgbọ̀n ẹ̀ ti já, kí ló fi sàn ju igbá lọ? Fóòmù líle inú akòtò ló ń gba orí sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì ń ṣiṣẹ́. Tó bá ti kanlẹ̀ rí, ó ti parí iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn.

Kò sẹ́ni tó máa bú ọlọ́kadà pé ó fi owó díẹ̀ tún nǹkan ìjẹun ẹ̀ ṣe. Páìpù, kẹ́ẹ̀gì, tíúùbù àti fóòmù ti gbé ọ̀pọ̀ èèyàn lọ sí Sẹ̀mẹ̀, ó sì ti gbé wọn dé. Àmọ́ nǹkan mẹ́ta ni kò ṣeé fi ọgbọ́n dọ́gbọ́n sí lójú ọ̀nà yẹn: búrẹ́ẹ̀kì, táyà àti akòtò. Kí wọ́n fi rọ́bà àlòkù dì ẹrù, kò sí wàhálà. Kí wọ́n má fi di ẹ̀mí ara wọn.